Agbára Òòfà àti Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Yanrìn ni ó pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún àti Ìgàndò, amọ̀ sì wà láàárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ohun tí ó bá dà sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ìdí nìyí tí ààtàn ńlá Solous ní Ìgàndò fi kan àwọn onímọ̀ lóminú. Òjò fọ ìdọ̀tí ibẹ̀, ẹ̀gbin rẹ̀ ń jò wọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kànga sì ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò gbójú lé.

Ní 1856, ní ìlú Dijon nílẹ̀ Faransé, Henry Darcy fi òfin lélẹ̀ nípa bí omi ti ń gba inú yanrìn kọjá. Ṣùgbọ́n nínú omi tí ó wà nísàlẹ̀, èwo ni yóò ṣàn, èwo ni kò níí kúrò? Amọ̀ a máa mu omi púpọ̀, a sì máa dì í mọ́ra bí ahun ti ń di owó.

Ọ̀nà àbáyọ kan ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1946 ni Felix Bloch àti Edward Purcell, tí oníkálukú ń dá ṣe tirẹ̀, fi hàn pé kókó háídírójìn ń ṣe bí òòfà kékeré: bí a bá ta á jí bí ó ti yẹ, a máa dáhùn. Omi kò sì sí láìsí háídírójìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet gbé ọgbọ́n yìí lọ sí pápá. Ayé fúnra rẹ̀ ni òòfà wọn. Wọ́n tẹ́ wáyà sílẹ̀ ní òbìrí, wọ́n rán iná mànàmáná gba inú rẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì tẹ́tí. Bí èsì bá ti lágbára tó ni omi ti pọ̀ tó. Bí ó bá ti pẹ́ tó ni ihò inú ilẹ̀ ti tóbi tó: nínú amọ̀, èsì a kú lójijì, nínú yanrìn ńláńlá, a máa falẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí gbígbẹ́ kànga nínú àpáta ti ń já ọ̀pọ̀ abúlé kulẹ̀, àwọn onímọ̀ fi ọ̀nà yìí wé omi tí ẹ̀rọ fà jáde ní tòótọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2014 fi hàn pé ó wúlò.

Èyí kò rọrùn ní Ìgàndò. Èsì omi kò ju wíwí lọ, wáyà iná ìgboro a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Iná mànàmáná lásán ni àwọn olùṣèwádìí fi yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Amọ̀ a máa gbe iná, omi ẹ̀gbin náà a máa gbé e. Nítorí náà, omi tí a bù nínú kànga ni ó ní láti jẹ́rìí.