Iṣẹ́ Awakọ̀ Tówíìn: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe É Mọ̀

Awakọ̀ tówíìn ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn tó bàjẹ́, tó ní ìjàm̀bá tàbí tó já sí kòtò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára nìkan ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti sùúrù ló gbà jù, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ernest Holmes, nílùú Chattanooga lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló pilẹ̀ ọkọ̀ yìí lọ́dún 1916. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan já sínú odò. Okùn àti ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi fà á jáde, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì gbà wọ́n. Èyí ló mú kí ó de òpó mẹ́ta àti ṣéènì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Cadillac kan.

Ní Nàìjíríà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, àti LASTMA tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2000, ń lo irú ọkọ̀ yìí. Àwọn aládàáni náà wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún.

Kí awakọ̀ tó gbé ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá jẹ́ tiwájú, iwájú ni yóò gbé sókè. Bó bá jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó gbé e sórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ, kí jíà má baà bàjẹ́. Kò gbọdọ̀ so ṣéènì mọ́ bọ́ńpà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí wáyà tó ti le, torí bó bá já, ó lè pa èèyàn.

Ẹ̀yìn ni ewu tó tóbi jù ti ń bọ̀: ọkọ̀ tó ń sáré, tí kò rí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Ní Chattanooga, wọ́n mọ ògiri ìrántí fún àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ní January 29, 2023, kọ̀ntéínà já lu bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gba, èèyàn 9 sì kú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń nílò ẹni tó lè gbé ẹrù wúwo láì ṣe ẹni tó ṣì ń mí lábẹ́ rẹ̀ léṣe.

Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà lè kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, kó sì gba ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá. Kó mọ̀ pé òru àti òjò kì í dá iṣẹ́ dúró. Kó bá oníbàárà dá iye owó kó tó so ṣéènì, nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú sójú ọ̀nà kò lágbára àtinájà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.