Gbàǹjo àti Ìtàn

Nígbà tí a bá dárúkọ gbàǹjo ní ilẹ̀ wa, ẹrù onígbèsè ni ó máa ń wá sí ọkàn ẹni, àga àti bẹ́ẹ̀dì tí a kó síta tí a ń tà ní ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n gbàǹjo mìíràn wà ní ilẹ̀ Òyìnbó, níbi tí àwọn olówó ti ń du ère àtijọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa.

Ní ìsinmi Kérésìmesì, ẹ̀gbọ́n mi kan ti Èkó dé. Ó rí ère ìbejì tí ó wà ní yàrá ìyá wa àgbà, ó sì ní kí a fi ránṣẹ́ sí onígbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó bá wa díyelé e. Ìyá àgbà kò bínú. Wọ́n kàn bi í pé, "Bí Òyìnbó náà bá ní ta ni ó ni ère yìí, kí ni ìwọ yóò wí?" Ẹ̀gbọ́n mi kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo wá ìwé kà lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé ìbéèrè ìyá àgbà ni àwọn onígbàǹjo pàápàá ń bèèrè.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó ní ohun àtijọ́ yóò gbé e tọ onígbàǹjo lọ. Onígbàǹjo yóò wo igi tàbí idẹ rẹ̀, yóò wo ibi tí ọwọ́ ti pa á tí ó fi ń dán àti ibi tí ikán ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bèèrè pé: ọwọ́ ta ni ó ti wá? Ọdún wo ni ó kúrò nílé? Ìwé wo ni ó jẹ́rìí sí i? Nígbà náà ni yóò tó dá iye méjì, èyí tí ó kéré àti èyí tí ó pọ̀, tí ó rò pé ọjà náà yóò bọ́ sí àárín wọn. Bí olóhun bá gbà, wọn yóò kọ ìwé àdéhùn, wọn yóò sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí a kò gbọdọ̀ tà á kù sí. Bí ó bá tà, onígbàǹjo yóò yọ láàdá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì. Ní oṣù Kejìlá 2010, ilé gbàǹjo Sotheby's kéde pé ní oṣù Kejì 2011 àwọn yóò ta ère ojú kan tí a fi eyín erin gbẹ́, tí a gbà pé Idia, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, ni ó dúró fún. Wọ́n díyelé e láti mílíọ̀nù 3.5 dé mílíọ̀nù 4.5 pọ́n-ùn. Àwọn tí ó gbé e wá jẹ́ ìran Henry Gallwey, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọn lọ sí ogun tí ó kó Bìní ní 1897. Ìtàn yìí wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olówó gọbọi. Ìtàn kan náà ni ó sì ba ọjà jẹ́. Àwọn ènìyàn pariwo pé ẹrù ogun ni, kí oṣù Kejìlá náà sì tó parí, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjà.

Èkejì jẹ́ tiwa. Ní 1987, àwọn olè fọ́ mùsíọ́ọ̀mù Jos, wọ́n sì gbé orí idẹ Ifẹ̀ kan lọ mọ́ àwọn ohun tí wọ́n kó. Ní 2007, orí yìí yọ ní gbàǹjo kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, a sì tà á ní €240 péré. Ní 2017, ó dé iwájú onígbàǹjo kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwádìí fi hàn pé ti Jos ni, ọ̀rọ̀ sì di ti ọlọ́pàá.

Kí ni ó sọ orí tí ó ju 500 ọdún lọ di ọjà €240? Olè kò lè sọ ìtàn ohun tí ó jí. Ohun tí a bá bọ́ ìtàn kúrò lára rẹ̀, ọmọ òrukàn ni lọ́jà. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé Jos ni ó ti sọnù, ta ni ì bá dá ọjà ti Lọ́ńdọ̀nù dúró?

Òfin wà lóòótọ́. Òfin ìjọba ológun ti 1979 sọ pé a kò gbọdọ̀ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí kí a tà á àfi nípasẹ̀ aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918 wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí ọdún tí a gbẹ́ ère tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan?

Ní ìsinmi Àjíǹde, mo jókòó ti ìyá àgbà pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ni baba tí ó bí àwọn, pé Táyé kú ní kékeré, pé òun ni a gbẹ́ ère náà fún kí àrùn lùkúlùkú ti 1918 tó dé. Wọ́n dárúkọ agbẹ́gilére náà àti abúlé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá mi fi rúlà wọn ère náà, tí ó sì yà á ní fọ́tò. Nígbà tí a parí, ó bi mí pé èló ni ó tó báyìí. Mo ní iye rẹ̀ ti lé sí i, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ ti wá nira.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń lọ sílé ní ìsinmi, ẹ mú ìwé dání. Ẹ bèèrè orúkọ ohun tí ó wà ní yàrá àwọn àgbà nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.