Bọ́ọ̀lù Inú Táńkì: Ibo Ló Ti Wá, Kí Ló sì Lè Ṣe fún Ẹja Yín?

 

Tí ọyẹ́ bá ti dé, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń bi wá: “Ọ̀gá, omi ẹja mi ń fà. Tí mo bá ní kí púlọ́mbà so bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, kí omi máa wọlé fúnra rẹ̀, ṣé mo lè fọkàn balẹ̀?” Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́ọ̀lù yìí ti wá. Ìtàn rẹ̀ ló máa dá wa lóhùn.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló wà nínú táńkì ilé ìgbẹ́ olómi àti táńkì orí ilé. Omi gbé e sókè, ó dí ẹnu ọ̀nà omi. Omi lọ sílẹ̀, òun náà sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà ṣí. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí òyìnbó ṣe ilé ìgbẹ́ olómi ni wọ́n ṣe é. Rárá o. Ó ti lé ní 2,200 ọdún.

Ìlú Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ onígbàjámọ̀ kan ń gbé ibẹ̀, Gíríìkì ni, Ctesibius lorúkọ rẹ̀. Aago omi ló ń ṣe: omi á máa kán láti inú ìkòkò kan sínú èkejì, wọ́n á fi bí omi ṣe ń ga sí i mọ iye aago tó lù. Ṣùgbọ́n bí omi inú ìkòkò òkè bá ń dín kù, kíkán rẹ̀ á máa falẹ̀, aago á sì máa parọ́. Ó ní láti wá bí omi òkè ṣe máa wà lójú kan. Ohun tó léfòó, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó lè dí ojú ihò omi, ni wọ́n sọ pé ó lò. Òun ni àwọn onítàn ẹ̀rọ ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó dá irú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìlú kan náà, Heron fi ọgbọ́n yìí ṣe ife ọtí tó ń kún padà bí wọ́n bá mu nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 850, ọmọ ìyá mẹ́ta kan ní Bàgídádì, tí wọ́n ń pè ní Banu Musa, kọ ìwé nípa àwọn ẹ̀rọ àrà, ohun tó ń léfòó tó ń ṣí omi tó ń ti omi sì wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó dé Yúróòpù, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀mí. Ẹ̀ńjìnnì tí ooru omi ń gbé ṣiṣẹ́ ní ìkòkò irin ńlá tó ń hó. Tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ jù, irin á jóná, ó tiẹ̀ lè bẹ́. James Brindley gba ìwé àṣẹ lórí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 1758, Ivan Polzunov náà lò ó sára ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní bíi 1765.

Ẹja wá ńkọ́? Lọ́dún 1850, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington, ṣàlàyé bí òun ṣe sin ẹja, ewéko omi àti ìgbín omi pọ̀ sínú gíláàsì kan, tí wọ́n ń gbé ara wọn ró. Ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja onígíláàsì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja nínú yàrá ìgbàlejò wọn.

Àwọn tó ń sin ẹja òkun ló tètè rí ohun kan: omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí omi bá dín kù, èyí tó kù á le sí i lẹ́nu. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dí i, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ín lónìí fi ń so bọ́ọ̀lù kékeré, tàbí ẹ̀rọ oníná kékeré, mọ́ kẹ́ẹ̀gì omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ń lọ rèé. Láti ayé Ctesibius títí dòní, ohun kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù yìí mọ̀: bí omi ṣe ga tó. Kò mọ̀ bóyá omi dára. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń di amóníà, amóníà sì lè wà nínú omi tó kún dẹ́nu. Ẹja àrọ̀ lè kú sínú omi tó kún. Tẹ́lẹ̀, omi tó ń fà ló ń lé wa lọ sídìí ẹja láràárọ̀. Bọ́ọ̀lù ti gba ìrìn àjò yẹn lọ́wọ́ wa, ewu rẹ̀ nìyẹn.

Torí náà, ẹ so ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣe báyìí:

1. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti omi rẹ̀ pa fún ọjọ́ kan, kí ẹ fàmì sára ògiri. Bí táńkì yín bá jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí omi fà ní sẹ̀ǹtímítà 1, lítà 120 ló lọ yẹn. Tó bá fà ju bó ṣe máa ń fà lọ, ó ṣeé ṣe kó máa jò. Bọ́ọ̀lù máa ń bo jíjò mọ́lẹ̀ o!

2. Ẹ fi páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ sí i, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí ẹnu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá há á máa da omi títí ni.

3. Fún gíláàsì inú ilé, ẹ má so ó mọ́ ẹ̀rọ omi tààrà. Kẹ́ẹ̀gì kékeré ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Tó bá bàjẹ́, omi kẹ́ẹ̀gì nìkan ló máa dà.

4. Ẹ máa fọwọ́ gbé e sókè-sílẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ìdọ̀tí ò dí i.

5. Dídí omi kì í ṣe pípààrọ̀ omi. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa da èyí tó ti dọ̀tí nù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bọ́ọ̀lù ò lójú. Tiyín ni kẹ́ ẹ fi máa ṣọ́ ẹja yín.