Udoji Bàámi, Ilé Garki Mi

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàámi, akọ̀wé ìjọba, gbé rédíò ńlá kan wọlé ní Mushin, tó ní, "Udoji rèé o!" Mo rò pé orúkọ rédíò náà ni. Àṣé èèyàn ni: Jerome Udoji, alága ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ ọba wò, tó sì jábọ̀ fún ìjọba Gowon ní 1974. Wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n kà á láti oṣù kẹrin ọdún náà, ni owó àjẹsílẹ̀ bá já lu òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní 1975. Ọjà gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́ Udoji tiwọn.

Nígbà tí olú-ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, èmi náà ti di akọ̀wé. Yàrá méjì ni wọ́n fún mi ní Garki. Ilé ìjọba ni; ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, ẹrù ẹ̀ á jáde. Àfi ìgbà tó di 2005 tí El-Rufai, mínísítà Abuja, ń ta àwọn ilé náà, tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó ń gbénú ẹ̀ kọ́kọ́ rà á. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Mo yáwó, mo tún ta ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka wa fún mi ní aago ara ògiri. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ sí i. Mo gbé e kọ́ sára ògiri tí mo fowó ara mi rà.