Àpótí Kì í Jẹ́rìí Ìbọn: Ọ̀nà Tí A Fi Lè Mọ Ọjọ́ Orí Ìbọn Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Èkìtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Láti Ìrèlè-Èkìtì títí dé Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ìbọn àtijọ́ kò ṣàjèjì nínú ilé ọdẹ. Bí a bá béèrè ibi tí ọ̀kan ti wá, wọn a ní ogun Kírìjì ni; ẹlòmíràn a sì gbé páálí ọta jáde láti fi ṣe ẹ̀rí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ara irin ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí, kí a tó gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́.

Láti ọdún 1877 sí 1893 ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fi jagun náà. Ìbọn tí a ń ki láti ẹnu ni tọ̀túntòsì kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó kó ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Snider wà lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1866 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gbà á, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìbọn Enfield àtijọ́ tí a tún ìdí rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí 1858 lára irin tí òòlù ìbọn kàn mọ́ kò gbọdọ̀ rò pé ọdún yẹn ni ó di Snider.

Ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù wà lára ibi tí a ti ń rọ ìbọn tí a ń tà ní Áfíríkà, àti ìbọn ìléwọ́ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá dán ìbọn wò tí kò bẹ́, wọn a fi àmì lù ú: lẹ́tà ELG àti ìràwọ̀ kan nínú ìlà tí ó rí bí ẹyin. Ní oṣù keje ọdún 1893 ni wọ́n fi adé lé àmì náà lórí. Oṣù kẹta ọdún kan náà sì ni ibùdó ogun Kírìjì ti tú ká. Ìbọn tí àmì rẹ̀ bá dé adé, kò lè jẹ́ pé ó dé ojú ogun yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo páálí. Eley ti London àti Kynoch ti Birmingham dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí di ọdún 1918 tí wọ́n para pọ̀. Ọdún 1926 ni a sì dá ICI sílẹ̀. Páálí tí a kọ Eley-Kynoch sí jẹ́ ti ẹ̀yìn ìdàpọ̀ náà. Èyí tí ICI wà lára rẹ̀ kò lè ṣáájú 1926. Ọjọ́ orí páálí nìyẹn, kì í ṣe ti ìbọn. Ọdẹ a máa ra ọta tuntun fún ìbọn ògbólógbòó. Bákan náà, àwọn tí ń ra ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ pa mọ́ ní òkè òkun a máa san owó gegere lórí èyí tí ó wà nínú àpótí tirẹ̀ gan-an. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi ń wá àpótí ìbọn mìíràn fi gbé tiwọn. Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ nọ́ńbà ìbọn sára àpótí, àìdọ́gba nọ́ńbà méjèèjì ni yóò tú àṣírí wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi iyanrìn ha ìpẹtà ìbọn, nítorí àmì a máa bá a lọ. Ẹ má sì sun páálí. Ẹ kọ ohun tí àgbà wí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí irin wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, a kò lè torí rẹ̀ pe àgbà ní òpùrọ́. Baba lè ti jagun Kírìjì lóòótọ́, kí ó sì padà wá ra ìbọn ìdẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí ogun parí.