Kẹ̀kẹ́ Ìbọn Àgbá Vasa: Igi Tí Wọ́n Pa Tì Ló Di Ẹlẹ́rìí

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, ọkọ̀ ogun ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Vasa gbéra ní èbúté Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Ọba Gustav Adolf ló ní kí wọ́n kàn án, ìbọn àgbá 64 ló sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tíì rin máìlì kan tí afẹ́fẹ́ fi tì í dẹ̀gbẹ́. Omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, ọkọ̀ sì rì lójú àwọn èrò tó wá wò ó.

Owó ńlá ni idẹ tí wọ́n fi rọ àwọn ìbọn náà. Nítorí èyí, ní ọdún 1664 àti 1665, àwọn òmùwẹ̀ wọ inú agogo ńlá kan tí afẹ́fẹ́ há sí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn àti òtútù, wọ́n sì mú ìbọn tó lé ní 50 jáde. Ìbọn nìkan ni wọ́n wá. Kẹ̀kẹ́ onígi tó gbé e dúró, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbọn àgbá tí kò ní kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ sí òpó idẹ tó sùn sílẹ̀. Apá kúkúrú méjì tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn máa ń jókòó sínú ibi tí wọ́n gbẹ́ lára pákó méjì tó nípọn. Igi kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà lábẹ́ ìdí ìbọn: bí wọ́n bá tì í wọlé, ẹnu ìbọn a rẹlẹ̀, bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, a gbé sókè. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà bá ga jù, ẹnu ìbọn kò ní bá ojú ihò ara ọkọ̀ mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àwòkọ ìbọn àtijọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Igi a máa jẹrà, idẹ kì í jẹrà. Nítorí náà, ó rọrùn láti gbé ìbọn ọ̀rúndún kan lé kẹ̀kẹ́ ọ̀rúndún mìíràn.

Òkun Baltic ló yọ Sweden nínú àṣìṣe yìí. Iyọ̀ inú rẹ̀ kéré, kòkòrò tó ń jẹ igi ọkọ̀ kì í sì í lè gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Vasa jáde ní ọdún 1961, ìbọn àgbá mẹ́ta péré ló kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìbọn ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ agbára ìbọn Vasa, wọn kò ní láti méfò. Wọ́n rọ ìbọn idẹ tuntun, wọ́n sì kan kẹ̀kẹ́ fún un ní ìbámu pẹ̀lú àwọn tó ti inú omi jáde. Ní ọdún 2014, wọ́n yìn ín ní Karlskoga, sí ara igi tí wọ́n kàn bí ẹ̀gbẹ́ Vasa gan-an. Ká ní orí kẹ̀kẹ́ àfinúrò ni wọ́n gbé ìbọn náà lé, àfinúrò náà ni èsì ìdánwò náà ì bá jẹ́.

Àwọn àgbà ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn òmùwẹ̀ ìgbà náà mọ iye idẹ dáadáa. Wọn kò mọ̀ pé igi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni yóò sọ fún ọmọ aráyé bí idẹ náà ti ń ṣiṣẹ́.