Aró Tí Ó Fi Ìrìn Awọ Sẹ́ẹ̀lì Hàn

Awọ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí ó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí gbogbo, fẹ́lẹ́ débi pé maikirosíkóòpù onímọ́lẹ̀ lásán kò lè fi bí ó ṣe tò hàn, nítorí náà ìṣirò ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ gbára lé. Ní 1925, ní ìlú Leiden ní Netherlands, Gorter àti Grendel yọ ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, wọ́n sì rí i pé ààyè tí ó gbà tó ìlọ́po méjì ojú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n gbà pé ìpele ọ̀rá méjì ló gbé ara wọn di awọ ọ̀hún. Bóyá awọ náà dúró gbagidi bí ògiri tàbí ó ń ṣàn, ìṣirò yìí kò lè sọ ọ́. Aró ló sọ ọ́.

Aró yìí yàtọ̀ sí èlú, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ kan bá bà á, yóò gbé e mì, yóò sì tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ mìíràn jáde. George Gabriel Stokes ní Cambridge ṣàlàyé ìwà yìí ní 1852, nígbà tí ó ń wo omi kuníìnì, oògùn ibà, tí ń tàn bí ojú ọ̀run lábẹ́ ìtànṣán tí ojú kò rí. Ní 1871, Adolf von Baeyer ní Jámánì ṣe fluorescein, aró tí ń tàn bí ewé tútù, àti ní àwọn ọdún 1940, Albert Coons ní Harvard so irú aró bẹ́ẹ̀ mọ́ áńtíbọ́dì, èyíinì ni purotéènì tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀.

Ní 1970, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, Frye àti Edidin fi fáírọ́ọ̀sì Sendai so sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pọ̀ mọ́ ti èkúté, wọ́n sì fi áńtíbọ́dì aláró dá purotéènì ojú awọ méjèèjì mọ̀, ti èkúté pẹ̀lú fluorescein, ti ènìyàn pẹ̀lú aró pupa. Lára àwọn tí wọ́n wò ní kété tí wọ́n so pọ̀, pupa wà lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn tí ó ti lo 40 ìṣẹ́jú nínú ooru tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti ara ènìyàn, àwọ̀ méjèèjì ti dàpọ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì náà ti ṣe purotéènì tuntun, tàbí kí ó ti fi agbára tirẹ̀ tì wọ́n kiri. Ibi tí iṣẹ́ náà ti yẹ fún ìyìn jù lọ nìyí: wọ́n fi oògùn dí ọ̀nà méjèèjì, àdàpọ̀ náà kò sì dáwọ́ dúró, ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí ó tutù ni ìrìn náà tó falẹ̀, bí epo pupa ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Singer àti Nicolson ṣàpèjúwe awọ sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá tí ń ṣàn, tí purotéènì ń léfòó nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí Gregorio Weber, ọmọ Argentina tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Illinois, fi gbé àwọn aró kan jáde tí laurdan wà lára wọn, èyí tí kò nílò áńtíbọ́dì, nítorí pé inú ọ̀rá gan-an ni ó ń fara pamọ́ sí: níbi tí ọ̀rá bá ti há mọ́ra, àwọ̀ búlúù ni ó ń tàn, níbi tí ó bá sì ti dẹ̀ tí omi rí àyè wọlé, àwọ̀ rẹ̀ a sún sí ti ewé.